ÒṢÓMÀÁLÓ: ÌTUMỌ̀ ÀTI ORÍSUN Ọ̀RỌ̀ KAN

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Iléṣà

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lórí ohun kan tó jẹ mọ́ àṣà àti èdè wa. Mo rò ó títí. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré, tí àwọn ará ìlú mìíràn máa ń fi bú wa, tí àwa náà sì máa ń fi yangàn nígbà tó bá wù wá. Ọ̀rọ̀ náà ni Òṣómàáló. Nígbà tí a wà ní bọ́ọ̀dìn, akápò tó bá ń bèèrè owó kíláàsì lọ́wọ́ wa kò ní orúkọ mìíràn. Ẹni tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gààrí ife kan, tó wá dúró tì í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kí aago ìjí tó lù, Òṣómàáló ni. Àmọ́ bí mo bá ní kí èèyàn mẹ́wàá nínú wa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ó ṣeé ṣe ká gbọ́ ìdáhùn mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un wá síwájú yín.

ÀWỌN TÍ KÌ Í GBÉ OJÚ KAN

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí Yorùbá ṣe ń pe àwọn tí kì í gbé ojú kan, nítorí èdè wa kò ka gbogbo wọn sí ọ̀kan náà. Ẹni tó ń lọ tó sì mọ ibi tó ń lọ, arìnrìn-àjò ni. Ẹni tó sá kúrò nílé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó forí lé, ìsáǹsá ni. Ẹni tó ń da ẹran kiri nínú ọ̀dàn, darandaran ni. Àwọn tó ń gbé eégún onídán láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ṣeré gbowó, alárìnjó ni wọ́n. Orúkọ yẹn ti túmọ̀ ara rẹ̀: wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó. Obìnrin tó ń lọ sí abúlé láti ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà tó ń kó wọn wá sí ọjà ìlú ńlá, alájàpá ni. Ẹni tí kò níṣẹ́ tí kò lábọ̀, tó kàn ń rìn ṣáá, a ní alárìnkiri ni, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dùn létí ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: nínú ọ̀pọ̀ orúkọ wọ̀nyí, ohun tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ṣe la fi sọ ọ́ lórúkọ. Rírìn ni, jíjó ni, sísá ni, tàbí dída ẹran. Òṣómàáló náà jẹ́ alárìnkiri. Ó ń ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, ó lè lo oṣù mẹ́jọ lọ́dún kó má fojú kan ilé. Síbẹ̀, a kò fi ìrìn rẹ̀ pè é. Ìgbà tí kò rìn mọ́, tó dúró sójú kan tó kọ̀ tí kò lọ, ìgbà yẹn la fi sọ ọ́ lórúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ JẸ́ KÁ TÚ U

Òṣó ni jíjókòó tí kò tíì di jíjókòó. Èèyàn á ká orúnkún méjèèjì, ìdí rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀, gbogbo ara á wà lórí àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ la ní ó lóṣòó. "Màá" ni "mo máa", ìpinnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. "Ló" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń bá òṣó rìn. Nítorí náà, odindi gbólóhùn ni ohun tí a sọ di orúkọ yìí: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Nígbà tó yá, wọ́n gé ìdí gbólóhùn náà kúrò, wọ́n pa ìyókù pọ̀, ó di Òṣómàáló.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi gbólóhùn ṣe orúkọ. Rótìmí gbólóhùn ni, Málọmọ́ gbólóhùn ni, Kòsọ́kọ́ náà gbólóhùn ni. Ṣùgbọ́n òbí ló ń sọ irú ìyẹn sí ọmọ àbíkú. Gbólóhùn tiwa yìí, ẹnu oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni àwọn tó gbọ́ ọ gbà mú, tí wọ́n fi ń pè é lẹ́yìn. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń ta ọjà bá ń polówó títí tí ìpolówó rẹ̀ fi di orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òṣó? Kí ló dé tí kò sọ pé òun máa dúró, tàbí pé òun máa jókòó? Ẹ rántí bí a ṣe ń gba àlejò. Bí èèyàn bá wọlé, a ó fún un láàyè, a ó bu omi fún un. Bó bá ti jókòó tó sì mumi, ó ti gba àlejò nìyẹn. Àlejò kì í fa onílé láṣọ. Bó bá sì dúró lóòró, onílé lè sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ máa lọ ná, ẹ padà wá lọ́la." Òṣó wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó lóṣòó kò gba àga, kò gba omi, kò sì lọ. Kò bú èèyàn, kò na èèyàn, kò fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni. Ara tirẹ̀ ló ń ni, ṣùgbọ́n ara onígbèsè ni kò lè lélẹ̀. Àwọn tó ń lọ sódò á kọjá, wọ́n á kí i, wọ́n á sì mọ ohun tó bá a débẹ̀ láìjẹ́ pé ó la ẹnu rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo abúlé ti gbọ́.

Sísin owó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ka ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ṣètò rẹ̀ títí tó fi jáde ní 1921, yóò bá ológò pàdé níbẹ̀. Bí onígbèsè bá ń sá káàkiri láyé àtijọ́, olówó lè rán ológò lọ dógò tì í. Ológò á wọ agboolé, á sọ ara rẹ̀ di ìdààmú fún gbogbo wọn, á máa mú adìyẹ àti ẹran wọn bó ṣe wù ú, títí wọn yóò fi wá owó náà. Ìwọ̀fà náà wà: èèyàn á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin ẹni tó yá a lówó. Ẹ fi àwọn yìí wé gbólóhùn Òṣómàáló. "Màá ló," ó ní, kò sọ pé "màá rán ẹni tí yóò ló." Òun fúnra rẹ̀ ló wá, orúnkún tirẹ̀ ló ń ro ó.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọ̀rọ̀ kì í dédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Iṣẹ́ ló bí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà ló sì bí iṣẹ́ náà. Ogun Kírìjì tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn jagunjagun tó tú bùdó ká. Ẹ ro ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ìran ọ̀dọ́kùnrin kan ti dàgbà sójú ogun. Ọ̀nà wá ṣí, kò sí ẹrú tí wọ́n máa kó mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ti wà ní Èkó náà sì ti mọ bí òwò òyìnbó ṣe ń lọ. Kí ni kí ọ̀dọ́ máa ṣe?

Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò sì jìnnà sí wa. Nígbà tó fi di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò. Aṣọ tí wọ́n hun ní Manchester ń wọlé ní Èkó, ó ń gba ojú irin wá sókè. Ní ìlú tó wà lẹ́bàá ojú irin, èèyàn lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ ra aṣọ. Ta ni yóò gbé e dé ahéré tí mọ́tò kò dé? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló rí àyè yẹn. Wọ́n dé Èkìtì, wọ́n dé Àkókó, wọ́n dé Kàbbà, wọ́n sọdá odò Ọya. Ẹrù orí ni ó kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel, òyìnbó ará Ìlú Ọba tó gbé àárín wa ní Iléṣà ní àwọn ọdún 1970, kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ Ijeshas and Nigerians, tó jáde ní 1983. Ẹni tó bá rí ìwé náà, kó kà á.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, òun sì ni oṣù. Àgbẹ̀ olóko kòkó kì í rówó lóṣooṣù bí tíṣà. Láti bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kìíní ni ìkórè ńlá ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn ará òkè tó ń gbin òwú àti ẹ̀pà: òpin òjò ni ọwọ́ wọn máa ń dẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í dúró de ìkórè. Ìgbéyàwó, ọdún eégún, ọmọ tuntun, kò sí èyí tó ń wo kàlẹ́ńdà kòkó nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ fún àgbẹ̀ ní oṣù kẹfà, àfi kó tà á láwìn. Òṣómàáló á gbé aṣọ sílẹ̀ lónìí, á kọjá lọ sí abúlé mìíràn, á sì padà wá nígbà ìkórè. Nítorí náà, ìrìn méjì ló wà nínú ọdún rẹ̀: ìrìn títà àti ìrìn gbígbà. Ìrìn títà dùn, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀. Ìrìn gbígbà ló fún un lórúkọ.

Ẹ̀yin tíṣà ìṣirò wa, ẹ bá mi wo èyí. Ká sọ pé òṣómàáló gba aṣọ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, ṣílè mẹ́wàá mẹ́wàá, òun náà sì gbà á láwìn. Gbèsè ọgbọ̀n ṣílè ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ó tà wọ́n ní ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí gbogbo wọn bá san, èrè ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jẹ. Bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá san, ọgbọ̀n ṣílè ló wọlé. Ó ti rìn odindi ọdún lásán, kò jèrè kọ́bọ̀. Bí ẹni méjì kò bá san, ó ti jẹ ṣọ́ọ̀bù ní ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú tì í dé ilé. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn tó ń sọ pé ahun ni, pé ọlọ́kàn líle ni, ẹnu ọ̀nà onígbèsè nìkan ni wọ́n ti rí i. Wọn kò rí ẹni tó dúró lẹ́yìn òun náà. Onígbèsè ló ń sin gbèsè lọ́wọ́ onígbèsè.

OHUN TÍ BABA MI RÍ

Baba tó bí mi ṣe iṣẹ́ náà ní ìhà Àkókó kó tó padà wálé wá dá oko kòkó. Wọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún wa.

Wọ́n ní ọkùnrin kan jẹ àwọn lówó aṣọ méjì, ìkórè sì ti ń parí lọ láìrí i lọ́jà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, wọ́n lóṣòó. Ìyàwó ọkùnrin náà jáde, ó kí wọn, ó gbé àpótí wá. Wọn kò jókòó. Ó bu omi wá, wọn kò mu. Oòrùn yọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn ohun tó ń wọ́ bọ̀ láti inú ilé. Ọkùnrin náà ló ń fi ìdí wọ́ jáde. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n sì rí sòbìà tó ti yọ lórí kókósẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Ó ní, "Òṣómàáló, ẹ kú ìjókòó. Ó wù mí kí n bá yín lóṣòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbà."

Àwọn ọmọ wa ìsinsìnyí kò mọ sòbìà mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láyé ìgbà náà, inú omi mímu ló wà, ó sì máa ń mú àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù lọ. Kòkó ọkùnrin yìí wà lórí igi, ó ń jẹrà, kò sí ẹni tó máa ká a.

Baba mi ní àwọn wo ẹsẹ̀ náà, àwọn sì dìde. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n ti kọ̀ láti àárọ̀, wọ́n mu omi náà. Wọn kò dárí owó náà jì í o! Wọ́n bá a dá ọjọ́ mìíràn, ó di ìkórè tó ń bọ̀, wọ́n sì lọ bẹ oníṣọ́ọ̀bù fún àsìkò. Nígbà tí ọdún yípo, ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ilé tí baba mi wọ̀ sí, ó ka owó náà pé, ó sì gbé iṣu mẹ́ta lé e. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n tún wá lóṣòó mọ́. Ibi tí baba mi máa ń parí ìtàn náà sí ni pé, "Bí o bá lóṣòó, lajú ẹ."

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó lóṣòó síwájú ilé onígbèsè rí inú ilé náà. Ó rí bóyá wọ́n ń dáná tàbí wọn kò dáná. Ó rí ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó rí aṣọ tuntun tí wọ́n sá sórí okùn. Ó lè mọ ẹni tí kò ní lówó yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ san.

BÍ Ó ṢE DI ORÚKỌ GBOGBO WA

Nígbà tí iṣẹ́ náà ń gbilẹ̀, a kò fi orúkọ náà mọ sára oníṣòwò mọ́. Ìjẹ̀ṣà tó jẹ́ tíṣà, Òṣómàáló ni. Ìjẹ̀ṣà tó jẹ́ àlùfáà, Òṣómàáló ni. Àwọn ẹlòmíràn fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwa náà gba yẹ̀yẹ́ náà, a sọ ọ́ di oyè. Ìbínú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ òógùn bú, kí ni yóò máa tì í lójú?

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi oyin bo gbogbo rẹ̀. Ìrìn yẹn gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Àwọn obìnrin wà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló tọ́ ọmọ, tí ọkọ wọn ń bọ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn ọmọ wà tó sá fún baba wọn nígbà tó wọlé, torí wọ́n rò pé àlejò ni. Àwọn mìíràn kò bọ̀ mọ́ rárá. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n àjò dùn mọ́ àwọn kan, ó sì korò mọ́ àwọn mìíràn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń tì wọ́n láti padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ayé náà sì yí. Láti 1929, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lágbàáyé, owó kòkó já wálẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè aṣọ kò rí ohun tí yóò fi san án. Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939, aṣọ di ọ̀wọ́n gógó títí ogun fi parí ní 1945. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà mọ́tò pọ̀ sí i, ará abúlé lè wọ lọ́rì lọ sí ọjà ìlú. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ì bá ru aṣọ tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ gbé síléètì, ó gba ilé-ìwé lọ. Àwọn òṣómàáló tó rọ́wọ́ mú náà ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra mọ́tò akérò, wọ́n kọ́lé, wọ́n dúró sójú kan.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà láàárín àwa àti àwọn Yorùbá mìíràn tó rìn jìnnà ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló ń ṣòwò ní Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Awìn tí wọ́n tà wà níta, ilé tí wọ́n kọ́ wà nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lé kò lè lóṣòó. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé òṣó náà nílò ìlú tó gbà pé ẹ̀tọ́ ni kí èèyàn dúró bèèrè ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ, n ó sì jókòó.

Èkíní. Owó àwìn yẹn ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níwèé. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe dá Ilésà Grammar School sílẹ̀ ní 1934, kò sí owó epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Owó kòkó àti owó òwò ni àwọn baba wa ní. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àwọn ilé-ìwé tó tẹ̀ lé e, tiwa náà kò sì yàtọ̀. Bí baba rẹ bá san owó ilé-ìwé ní ọjọ́ tí táàmù wọlé, tí Pírínsípà kò fi dá ọ padà sílé, bèèrè ibi tí owó náà ti wá. Ó lè jẹ́ pé orúnkún ẹnì kan ló ro láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ní abúlé kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Èkejì. Gbígba gbèsè ti di nǹkan mìíràn láyé òní. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń yá owó lórí fóònù mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ á yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ọjọ́ á yẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ẹ fi wé Òṣómàáló. Òun fi ojú ara rẹ̀ hàn, ó wá sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ara tirẹ̀ jìyà kó tó gba owó rẹ̀. Ẹni tó ń tini lójú láti ibi tí a kò ti lè rí i, kò rí sòbìà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ wa náà ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ìrìn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jápa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, èmi kò sì bá wọn jà. Baba wa rìn, àwọn náà ní ẹ̀tọ́ láti rìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà níhìn-ín, ọmọ wa ló san owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó oògùn wa. Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Jápa ń sọ nípa ibi tí a ti ń sá kúrò. Òṣómàáló ń sọ nípa ohun tí a kò ní fi sílẹ̀. Kí ọmọ tó bá jápa mọ̀ pé ohun kan wà níbí tó jẹ́ tirẹ̀, kó máa padà wá bèèrè rẹ̀: ilẹ̀ baba rẹ̀, èdè rẹ̀, àti ilé-ẹ̀kọ́ rere fún ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kù nílé. Bí gbogbo wa bá lọ, tí kò sẹ́ni tó lóṣòó síwájú àwọn tó jẹ wá ní omi, iná àti ọ̀nà, ta ni yóò san án fún wa?

Mo sì fẹ́ bẹ ìgbìmọ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí gan-an kò pọ̀ mọ́. Àwọn tó kù lára wọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí kí wọ́n sún mọ́ ọn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ní baba, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó rántí ohun kan, gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù kí a tó tún pàdé: orúkọ abúlé tí wọ́n dé, orúkọ onílé tó gbà wọ́n, irú aṣọ tí wọ́n tà, iye tó jẹ́. Ká kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí àgbà bá lọ tán, a ò rí ẹni tí a máa bi mọ́.

Yàrá ìkàwé tí mo dárúkọ yìí, gbogbo wa la rí òrùlé rẹ̀ nígbà tí a yí ọgbà ká láàárọ̀. Gbogbo wa la sì dìde ní àpèjọ tó kọjá, tí a ṣèlérí iye tí a máa fi tún un ṣe, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Àwọn kan ti san, Ọlọ́run á san án padà fún wọn. Àwọn kan kò tíì san. Akápò wa sọ fún mi pé kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ. Bí ó bá jẹ́ sòbìà ló mú ẹnì kan nínú wa, kó pe akápò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ fún un, a ó bá a dá ọjọ́ mìíràn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká, tó gbé mọ́tò tuntun wá sí ọgbà yìí lónìí, kó rántí ọmọ ẹni tí akápò wa jẹ́. Ọmọ Òṣómàáló ni. Ó mọ ilé gbogbo wa, orúnkún rẹ̀ sì ṣì le dáadáa.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní parun. Àwọn olùkọ́ wa á jèrè iṣẹ́ wọn. Ibi tí a bá rìn dé, a ó padà bọ̀ láyọ̀.